Ọjọ́ tí mo sọ ọmọ ọdún 2 di ẹ̀gbọ́n

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé wa láti ilé ìwòsàn wá sílé. Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ la gbà, ọkọ̀ pọ̀ lójú títì débi pé a ò tètè kúrò níbẹ̀, oòrùn oṣù kẹrin sì ń ta bí iná. Ìkókó wà ní ọwọ́ mi, bàbá àwọn ọmọ mi jókòó tì mí, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Àkànní ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. (Oríkì àwọn ọmọ mi ni n ó máa lò níbí, orúkọ wọn tiwọn ni.) Ó pé ọdún 2 àti oṣù 1 lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti bí i, ilẹ̀ kò mọ́ rí kí n má fojú kàn án, àfi ọjọ́ 2 tí mo lò ní ilé ìwòsàn yẹn.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe dúró ló gbọ́ ohùn mi. Ó sáré yọ láti ẹ̀yìnkùlé, máńgòrò ti kun ẹnu àti àyà rẹ̀, ó ń pariwo, "Màámi! Màámi!" Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí n gbé òun. Mo wo ọwọ́ mi, ọmọ wà níbẹ̀. Mo ní, "Rọra, rọra, má fọwọ́ kàn án!"

Ọ̀rọ̀ tí mo fi pàdé ọmọ mi nìyẹn, lẹ́yìn ọjọ́ 2 tí kò ti rí mi. Kò sunkún. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì dúró. Àwọn ará ilé ti ń hó lẹ́yìn wa: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, wá wo àbúrò ẹ!" Ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí, mi ò tíì gbàgbé bó ṣe bojú wẹ̀yìn yẹn. Ìwọ tí oyún wà nínú ẹ lónìí, tí ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ tán sì ń fa aṣọ ẹ, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi ṣáájú ni, màá ti gbé ìkókó fún bàbá rẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ òfo ni ǹ bá fi wọ ilé, kí Àkànní lè rí ibi kó sí. Ìkókó kò mọ ẹni tó gbé e wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ Àkànní. Ó pé oṣù 16 nígbà tí mo lóyún Àṣàkẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ bímọ ti sọ fún wa pé ó dáa kí ọmọ pé ọdún 2 kí ìyá rẹ̀ tó tún lóyún, kí ara ìyá lè bọ̀ sípò, kí ọmọ sì mu ọmú tẹ́rùn. A gbọ́, a ò ṣe é ni. Bí àwọn àgbà ilé ṣe mọ̀ pé oyún ti wà, wọ́n ní kí n já ọmọ lẹ́nu ọmú kíákíá, pé ọmú aboyún a máa sọ ọmọ di olókùnrùn. Mo fún ewúro, mo fi omi rẹ̀ pa orí ọmú. Ó fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ẹnu, ó wá ń wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ bi mí pé kí ni mo ṣe sí i. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ló fi sunkún. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì mìíràn pé ọmú aboyún kì í ṣe májèlé. Ó lè dín kù, adùn rẹ̀ sì lè yí padà, àmọ́ aboyún tí ara rẹ̀ le, tó ń jẹun dáadáa, lè máa fún ọmọ lọ́mú lọ, àyàfi tí dókítà bá ní kó dáwọ́ dúró. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ewúro ti kan ọmọ lẹ́nu.

Nígbà tí oyún pé oṣù 7, mi ò pọ̀n ọ́n mọ́. Ní oṣù kẹjọ, a gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì wa lọ sí yàrá ìyá ọkọ mi kí ìkókó lè ráyè sùn. Ọmú lọ, ẹ̀yìn lọ, bẹ́ẹ̀dì náà lọ, ẹni tí a torí rẹ̀ gbà wọ́n kò sì tíì dé ilé ayé. Ṣé ó yẹ kó yà mí lẹ́nu pé kò fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀? Tí mo bá tún ọ̀nà náà rìn, ohunkóhun tí mo bá máa yí padà fún ọmọ ńlá, màá ti yí i padà ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìkúnlẹ̀, tàbí kí n fi í sílẹ̀ títí ìkókó yóò fi pé oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Mi ò ní jẹ́ kó bọ́ sí àsìkò kan náà pẹ̀lú ọmọ tuntun.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, mo tẹ́ Àṣàkẹ́ sórí ẹní. Kìlógíráàmù 3.1 ni wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tí mo bí i. Àkànní wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí: ìgbà wo ni ẹsẹ̀ ọmọ yìí gùn tó báyìí? Ọwọ́ tí mo ti ń pè ní ọwọ́ kékeré títí di ìjẹta wá fẹ̀ lójú mi bí ọwọ́ àgbàlagbà. Mo ti bi àwọn abiyamọ míì léèrè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú àwọn. Ọmọ kò dàgbà ní ọjọ́ 2. Ojú ìyá ló ti ń fi ìkókó wọ̀n ọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Tó bá da omi sílẹ̀, màá ní, "Ìwọ tó o ti dàgbà yìí?" Tó bá sunkún, "Ẹ̀gbọ́n kì í sunkún." Tó bá ní kí n bọ́ òun, "Ìwọ jẹun fúnra ẹ, àbúrò ẹ ni wọ́n ń bọ́." Ọmọ tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ mẹ́rin pọ̀! Lọ́dọ̀ wa, oyè ni ẹ̀gbọ́n. Òun ni wọ́n ń sọ fún pé kó mú sùúrù, òun ló ń yọ ẹran sílẹ̀ fún àbúrò, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá wí tí nǹkan bá bàjẹ́. Mi ò ní kí ẹ̀gbọ́n má jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ní àbúrò mẹ́rin, mo sì mọ iyì rẹ̀. Àmọ́ oyè tí wọ́n fi ń jẹni ní kékeré, díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa gbé e lé ni lórí. Odindi rẹ̀ ni mo sọ lu ọmọ mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú ọwọ́ lómi!" Ògbómọ̀ṣọ́ kì í fi abiyamọ sílẹ̀. Ẹni tó ro ọ̀kà láfún gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ewédú wá, ẹni tó gbé ẹ̀kọ mímu wá, ẹni tó kàn wọlé tó kó aṣọ ìkókó lọ fọ̀ láì dúró gba ọpẹ́. Títí ayé ni n ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rere yìí kan náà ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó dun ọmọ mi jù lọ, àwàdà ni wọ́n sì pè é. "Àkànní, wọ́n ti gba ọmú lọ́wọ́ ẹ o!" "Ìyá ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́, àbúrò ẹ ló fẹ́." Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni, "Ṣé kí n gbé àbúrò ẹ lọ sílé mi?"

Ìyá àdúgbò wa kan bi í bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Àkànní ní, "Gbé e lọ." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà gbé ìkókó, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń lọ, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àkànní bá sáré wọ yàrá, ó mú fìlà àbúrò rẹ̀ jáde, ó sì fi lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n má baà gbàgbé nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wá yí padà tí wọ́n tún gbé ìkókó lé mi lọ́wọ́, mo rí ojú ọmọ mi, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu mi. Tọkàntọkàn ló fi mú fìlà yẹn wá. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tọ̀ sórí ẹní, ọmọ tó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò tọ̀ sílé mọ́.

Ọmọ ọdún 2 kò mọ ìyàtọ̀ àárín àwàdà àti òótọ́. Tí àgbà bá sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ò fẹ́ ẹ mọ́, ó gbà á gbọ́, ó ṣe tán, òun náà ti ń fura. Àmọ́ báwo ni èmi ìyàwó ilé yóò ṣe dá ìyá àgbà lẹ́kun ọ̀rọ̀ ẹnu wọn? Ìyá ọkọ mi ló bá mi yanjú rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ fìlà yẹn, wọ́n gbé àpótí wọn sí ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí onílé kẹ́ ẹ tó kí àlejò." Wọ́n á sì nawọ́ sí Àkànní. Ẹni tó bá ti yọ̀ mọ́ ọn tán, tó bi í pé kí ló jẹ lónìí, kò tún ń rántí àwàdà tó fẹ́ ṣe.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí a ò pète rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ìkókó kò tíì lè kojú. Nígbà tí ó kan oyin, bàbá ọkọ mi dúró díẹ̀, wọ́n wo ìkókó, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kó tọ́ ọ wò fún un." Oyin kan Àkànní lẹ́nu, ó lá ètè rẹ̀, ó tún ya ẹnu. Wọ́n tún fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí dídé àbúrò rẹ̀ mú nǹkan wá fún un dípò kó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ dáa láti ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo lọ sí balùwẹ̀, mo rò pé ẹnì kan wà nínú yàrá. Nígbà tí mo padà, Àkànní kúnlẹ̀ ti àbúrò rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ àwùjẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá a létí. Àwọn méjèèjì ń ké, èmi náà ń gbọ̀n. Ìyá ọkọ mi wọlé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n fa Àkànní mọ́ra, wọ́n ní, "Ọkọ mi, kí lo rí níbẹ̀?" Ó fi ìka tọ́ka sí orí ìkókó, ó ní, "Ó ń fò."

Òótọ́ ni, àwùjẹ̀ ń fò. Ó máa ń tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kó tó dí, ẹni tó bá sì wò ó dáadáa yóò rí bó ṣe ń lù kì kì. Ọmọ mi rí ohun ìyanu, ó fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì pè é ní òǹrorò lọ́kàn mi. Tèmi ni ẹ̀bi náà, mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí àgbà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ dìde, màá gbé ọ̀kan dání. Kì í ṣe torí pé ọmọ ńlá burú ni. Kò tíì mọ agbára ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ìyá ọkọ mi, tí èmi náà ń pè ní Màámi, wá kọjú sí mi. "Ìyá Àkànní, jókòó sórí ẹní." Mo jókòó. Wọ́n mú ọ̀já. "Pọ̀n ọ́n."

"Màámi, mi ò tíì lágbára, ọjọ́ 11 péré ni."

"Mi ò ní kó o dìde. Ẹ̀yìn ẹ lọmọ ń wá láti ọjọ́ yìí, ẹ̀ ń fún un lóyè."

Wọ́n gbé e lé mi lẹ́yìn bí mo ṣe jókòó, wọ́n gbá ọ̀já fún wa. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àárín èjìká mi. Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tó sọ ẹrù kalẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi sùn. Èmi wá bú sẹ́kún. Gbogbo ènìyàn ló ń bá mi yọ̀ lórí ẹni tó dé, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé àárò ẹni tó wà nílé tẹ́lẹ̀ yóò máa sọ mí, pé a ó jọ wà nínú ilé kan náà, n ó sì máa wá a. (Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bímọ kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ ńlá sókè títí dókítà yóò fi ní ó yá. Ẹ̀gbẹ́ ni kó jẹ́ kó sùn tì í, kó dì mọ́ ọn.)

Láti ìgbà náà ni mo ti ya àsìkò kan sọ́tọ̀ fún Àkànní. Tí ìkókó bá ti sùn ní ìrọ̀lẹ́, tí Màámi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi àti Àkànní á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mi ò ní mú fóònù dání. A máa ń ka alángbá ara ògiri, kò sì sí ọjọ́ tó kà á kọjá méjì: "Ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, méjì." Bàbá rẹ̀ gba ìwẹ̀ alẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó sunkún èmi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí kò bá tíì gbúròó wọn láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, á lọ gbé kànrìnkàn, á dúró sí ẹnu géètì.

Ní ọjọ́ kan ó ní òun náà fẹ́ mu ọmú. Àwọn kan ní kí n má gbà, pé ó máa padà di ìkókó. Mo rántí ewúro. Mo ní kó wá. Ó fẹnu kàn án, kò rántí bí wọ́n ṣe ń fà á mọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Kò béèrè mọ́.

Ohun tó tún yẹ kí n sọ ni ti oúnjẹ. Ìkókó kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà tí mo yíjú díẹ̀ báyìí tí mo rí ètè rẹ̀ tó pọ́n fòò. Ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, máńgòrò pọ̀ nílùú wa débi pé ilẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣà á. Àkànní ti fi tirẹ̀ pa àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Ọkàn mi fò, àmọ́ mi ò lù ú. Mo nu ẹnu ọmọ, mo wo inú rẹ̀ bóyá fọ́nrán máńgòrò wà níbẹ̀, torí ohun tí ọmọ ọdún 2 ń jẹ bí eré lè há ìkókó lọ́fun, àgàgà ẹ̀pà àti àgbàdo. Mo wá jókòó ti Àkànní. Mo ní ọmú nìkan ni àbúrò rẹ̀ ń mu, omi lásán pàápàá kò ní mu títí yóò fi pé oṣù 6. Mo ní máńgòrò ń dúró dè é. Ó ní, "Dúró dè é?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀fìnkìn bá a wọlé. A ò lé e jìnnà sí àbúrò rẹ̀. A kọ́ ọ pé ọṣẹ àti omi ló máa kọ́kọ́ bá pàdé tó bá dé, àti pé ẹsẹ̀ ìkókó ni wọ́n ń fẹnu kò, kì í ṣe ojú. Àmọ́ tí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá gbóná, tó ń mí lókèlókè tàbí tí kò lè fa ọmú, ẹ má fi àgbo dá a dúró sílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo kó àwọn méjèèjì lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí Àṣàkẹ́ lẹ́nu, Àkànní ń wò, ó dákẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fa abẹ́rẹ́ yọ, ó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó dúró sí iwájú mi, ó ní, "Má gún un!" Ẹnikẹ́ni kò pè é ní ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà.

Máńgòrò tún ti pọ́n lọ́dún yìí. Àṣàkẹ́ ti pé ọdún kan, ó ti ń di ògiri mú rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àkànní ṣa ọ̀kan wá láti abẹ́ igi, ó gbé e wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ewédú. "Màámi, ṣé ó ti lè jẹ ẹ́?" Mo ní ó ti lè jẹ ẹ́. Mo gé e wẹ́wẹ́ fún un, ó ń mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi sí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu títí tó fi tán. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wá yí sí ẹ̀yìn mi, ó fi àyà tì í.

"Ó yá, pọ̀n mí."

Mo gbé ewédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ fún un.